Ìpè Aago Márùn-ún Ìdájí

Láti oṣù kẹta tí Morádéyọ̀ ti kú ni ohùn rẹ̀ ti ń pe ọkọ rẹ̀, Olúgbémiga, ní aago márùn-ún ìdájí. Kì í pariwo. "Bàbá Bùkúnmi, ilẹ̀ ti ń mọ́." Bó ṣe máa ń pè é nígbà tó wà láyé náà nìyẹn. Nígbà náà, òun ni yóò tan iná, yóò gbé àga sí òdìkejì tábìlì, Olúgbémiga yóò sì ka ojú ìwé kan péré nínú ìwé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́. Bó bá kà á tán, yóò ṣàlàyé rẹ̀ fún un.

"Ohun tẹ́ ẹ ò bá lè là yé èmi aránṣọ," ni obìnrin náà máa ń wí, "ẹ ò tíì mọ̀ ọ́n."

Iṣẹ́ iná ni Olúgbémiga ń ṣe nínú ilé ọ́fíìsì gíga kan ní Marshalltown, ní ìpẹ̀kun gúúsù ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni. Ó mọ iṣẹ́ ju àwọn tó ń pàṣẹ fún un lọ, ṣùgbọ́n kò ní ìwé àṣẹ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló ń fọwọ́ sí iṣẹ́ tó bá ṣe. Ó ti ṣe ìdánwò tí wọ́n fi ń gbà á lẹ́ẹ̀mejì, ó fìdí rẹmi. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni wọ́n ń gbà kéèyàn ṣe é. Èyí tó kù fún un bọ́ sí oṣù kọkànlá ọdún 1993.

Àmọ́ kò dìde mọ́. Bí ohùn náà bá ti pè é, yóò fa bùláńkẹ́ẹ̀tì borí. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ọ pé èèyàn kì í jẹ́ ìpè ẹni tí kò rí, ká má tíì wá sọ ti òkú.

Fúnlọ́lá, àbúrò ìyàwó rẹ̀ tó ń gbé yàrá kejì, ló kíyè sí eruku orí ìwé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti pa ìwé tì?"

"Ó ń pè mí."

Fúnlọ́lá kò béèrè ta ni. Ó jókòó. "Ṣé ẹ dá a lóhùn?"

"Rárá."

"Ẹ má dá a lóhùn o! Ẹ jọ̀ọ́." Ó nu eruku orí ìwé náà. "Ṣùgbọ́n ṣé wọ́n ní kéèyàn má dìde ni?"

Lọ́jọ́ kejì, bí ohùn náà ti dún, Olúgbémiga pa ẹnu rẹ̀ dé, ó dìde nínú òtútù oṣù kẹfà, tí í ṣe ìgbà òtútù níbẹ̀. Ó ka ojú ìwé kan. Nígbà tó kan àlàyé, kò jẹ́ wo àga òdìkejì. Ó lọ kan ilẹ̀kùn Fúnlọ́lá.

"Bí wáyà bá tín-ín-rín, tí iná tó ń gbà á kọjá sì pọ̀, yóò gbóná."

"Ẹ̀gbọ́n, aago márùn-ún ààbọ̀ rèé!"

"Kí ni mo wí?"

"Ẹ ní wáyà gbóná. Eish! Èmi náà ti ń gbóná báyìí."

"Kí ló mú un gbóná?"

Ó yán. "Ẹrù tẹ́ ẹ dì lé e ló pọ̀ jù ú lọ."

Olúgbémiga kọ ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀, torí ó yéni ju ti inú ìwé lọ.

Báyìí ni oṣù mẹ́rin lọ. Ojú ìwé kan, kò lé, kò dín, títí kan ọjọ́ Àìkú, títí kan ọjọ́ tí ìbọn dún nísàlẹ̀ títì. Nígbà mìíràn ohùn náà máa ń sún mọ́ ọn débi pé yóò gbóòórùn ìpara ìyàwó rẹ̀. Kò dáhùn rí.

Nígbà tí oṣù kẹwàá ń parí lọ, ó kàwé tán lọ́jọ́ kan, ó gbójú sókè, aago márùn-ún ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lù. Òun fúnra rẹ̀ ló jí. Kò sẹ́ni tó pè é.

Lọ́jọ́ kejì, ó mọ̀ọ́mọ̀ dùbúlẹ̀, ó di ojú bí ẹni tó sùn. Aago márùn-ún kọjá. Fèrè táksí nìkan ló gbọ́. Ọkàn rẹ̀ ní bí òun bá tún ya ọ̀lẹ, bóyá obìnrin náà yóò padà wá jí òun. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi dùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìdánwò sì ku ọ̀sẹ̀ kan.

Fúnlọ́lá ló wá kan ilẹ̀kùn tirẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀kọ́ wáyà wa ńkọ́?"

"Kò pè mí mọ́."

Fúnlọ́lá fara ti ilẹ̀kùn. "Ẹ̀yin rí oṣù méje gbà," ló wí. "Èmi ọmọ ìyá rẹ̀, kò pè mí lẹ́ẹ̀kan."

Ojú ti Olúgbémiga. Ojú ìwé mẹ́rin ló kà lọ́jọ́ yẹn.

Ní ọjọ́ ìdánwò, ìbéèrè kìíní kò yé e. Ó fò ó, ó mú ìkejì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé.

Ó yege. Ìwé àṣẹ dé nínú oṣù kejì. Fúnlọ́lá ka orúkọ tó wà lára rẹ̀ sókè, ó tún un kà, ó ní káwọn fi sínú férémù. Olúgbémiga ní kò pọn dandan. Ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó jókòó sí apá ti ìyàwó rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, níbi tí ẹnikẹ́ni kò sùn sí láti ọdún tó kọjá.