Ọwọ́ Òsì Lórí Àpáta

Òkè tí a fi ayọ̀ gùn, ibi tí a ó gbà sọ̀ kalẹ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ wò. Rahmon kò wò ó. Ó ti ṣèlérí fún Hanifat, ọmọ rẹ̀ obìnrin, pé àwọn yóò jọ wa jíìpù gun àpáta kí ọmọ náà tó wọ yunifásítì, ni wọ́n bá kúrò nílé wọn ní Fulshear, lẹ́bàá Houston, ó di aṣálẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Texas.

Gígùn kò le. Sísọ̀kalẹ̀ ni wàhálà. Ọ̀nà náà tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbànú, òkúta sì ṣù lójú rẹ̀ bí ìkòkò tí wọ́n dojú dé. Òkè wà lápá ọ̀tún Rahmon. Lápá òsì, níbi tó jókòó sí gan-an, ọ̀gbun ni, ojú ò tó ìsàlẹ̀ rẹ̀. Imú ọkọ̀ sì dí i lójú, kò rí ilẹ̀ tó wà níwájú táyà.

"Bọ́ sílẹ̀, kí o máa fọwọ́ júwe fún mi," ló wí. "Atẹ́gùn yìí ò ní jẹ́ kí n gbóhùn ẹ lọ́ọ̀ọ́kán."

Hanifat lọ síwájú, ó kọjú sí i. Ó yẹ kí táyà sún mọ́ òkè, òkè sì bọ́ sápá òsì ọmọ náà. Ó gbé ọwọ́ òsì, ó tún yára fi pa mọ́ sẹ́yìn, ó wá na ọ̀tún kọjá àyà. Rahmon rò pé "máa bọ̀" ló ń wí. Ó ṣí ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì.

Gbàgà! Táyà iwájú já sétí ọ̀gbun, jíìpù fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Òkúta kan yí lọ sísàlẹ̀. Rahmon ń retí ìró rẹ̀, kò gbọ́ ọ. "Yá Allah," ló ń wí, ó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀.

Hanifat sáré dé fèrèsé apá òkè. "Daddy, ẹ má move! Ẹ jọ̀ọ́!"

"Ibo ni kí n yí i sí? O kàn ń na ọwọ́ kan bí ẹni tó ń lé eṣinṣin!"

"Ibi òkè ni! Òsì ló yẹ kí n nà, ẹ̀yin lẹ ní kí n má fi òsì júwe nǹkan fún àgbà!" Omijé ti gba ojú rẹ̀.

Rahmon ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Láti ìgbà tí ọmọ yìí ti wà ní daycare, tó ń fi òsì mú ṣíbí, ló ti ń gbá a lọ́wọ́: a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Bí bàbá bá wá já sí kòtò ńkọ́, ilé ta ni wọn yóò máa júwe?

"Padà síwájú. Fi òsì júwe, kí n rí i dáadáa."

"Ẹ ò ní bú mi?"

"Tí mo bá délẹ̀ láàyè, màá bú ẹ. Lọ!"

Ọwọ́ òsì jáde, ó dúró gbọn-in. Rahmon kò wo ọ̀gbun mọ́, ọwọ́ yẹn nìkan ló ń wò. Ó darí ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀ síbi òkè. Táyà yọ̀. Táyà tún gbá òkúta mú, jíìpù sì fà kúrò létí ọ̀gbun.

Hanifat ń rẹ́rìn-ín, ó ń nujú, ó ti ki ọwọ́ òsì bọ àpò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Rahmon ti rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkúta mìíràn, ó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ó yọrí lójú fèrèsé. "Hanifat! Ta ló ní kí o gbé e pa mọ́? Yọ ọ́ síta!"