Ọpẹ́ Tó Gùn Ju Nẹ́tíwọọ̀kì Lọ

Kọ̀ǹpútà ló fi ebi pa ọmọbìnrin ayàwòrán ilé yìí títí di ọ̀sán. Gbogbo ìgbà tó bá ní kí ẹ̀rọ fi àwòrán tó wà níwájú rẹ̀ pamọ́, àpótí funfun kékeré kan á yọ lójú ẹ̀rọ, á ní òun kò lè fi fáìlì náà pamọ́. Kò ní sọ ìdí. Ó kàn dúró síbẹ̀ bí ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà tí kò fẹ́ kí èèyàn wọlé.

Àwòrán ilé ìgbẹ̀bí ni. Àgbà ayàwòrán tó kọ́ ọmọbìnrin náà níṣẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bàbá Rúlà ni gbogbo ọ́fíìsì ń pè wọ́n, torí rúlà kì í kúrò lápò ẹ̀wù wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo iṣẹ́ wà báyìí. Nígbà tí ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, tí wọn kò rí ìlà tín-ínrín mọ́, wọ́n fa iṣẹ́ náà lé ọmọbìnrin yìí lọ́wọ́.

Òní ni dókítà fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún wọn. Àmọ́ kí wọ́n tó lọ, wọ́n yà sí ọ́fíìsì láàárọ̀, wọ́n fa àga, wọ́n di máòsì mú, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn ya ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí aláboyún yóò máa gbà wọlé láì gun àtẹ̀gùn. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kan ojú ẹ̀rọ. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n dìde.

"Ọmọ mi, bóyá èyí ni mo máa yà kẹ́yìn láyé mi. Má jẹ́ kó sọnù o."

"Kò ní sọnù, Bàbá. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Ìgbà tí wọ́n lọ tán ló fẹ́ fi í pamọ́, ni ẹ̀rọ bá kọ̀. Ọ̀nà tí Bàbá yà yìí kò tíì sí níbòmíràn ju ojú ẹ̀rọ yẹn lọ. Bí iná bá lọ, ó ti parí nìyẹn. Kò sì lè fi í pamọ́ sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, torí láti ọjọ́ tí olè ti gbé ẹ̀rọ kan lọ pẹ̀lú àwòrán odindi ilé ẹ̀kọ́ nínú rẹ̀ ni ọ́fíìsì ti fòfin de ìyẹn. Orí nẹ́tíwọọ̀kì nìkan, níbi tí gbogbo iṣẹ́ ọ́fíìsì wà, ni ẹ̀rọ ń gbà láti fi iṣẹ́ pamọ́ sí.

Ọ̀gá wọlé, ó yẹ aago rẹ̀ wò. Òun ló fẹ́ gbé àwòrán náà lọ fún ìjọba ìbílẹ̀ kí wọ́n tó ti ọ́fíìsì wọn.

"Pa á, kó o tún un tàn jàre," ó ní.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́!" Ọmọbìnrin náà na ọwọ́ méjèèjì bo ẹ̀rọ. "Tí mo bá pa á, iṣẹ́ Bàbá ti lọ nìyẹn. Ẹ bá mi pe Ìyá Wáyà."

Ìyá Wáyà ló ń tọ́jú nẹ́tíwọọ̀kì wọn. Ó dé pẹ̀lú wáyà tó gbé kọ́rùn, ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀. Ẹgbẹ́ ni òun àti ayàwòrán, wọn kì í sì í pọ́n ara wọn lé.

"Kí lo ṣe fún nẹ́tíwọọ̀kì mi?"

"Nẹ́tíwọọ̀kì ẹ ló ń ṣe mí. Dákun, gbà mí."

Ìyá Wáyà jókòó tì í. Ó ní kó ṣí àwòrán mìíràn tó wà ní fódà mìíràn, kó sì fi pamọ́. Ìyẹn wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó wò ó bóyá àyè ti tán lórí nẹ́tíwọọ̀kì, àyè wà rẹpẹtẹ. Ó béèrè kiri bóyá ẹlòmíràn ṣí àwòrán náà, kò sẹ́ni tó ṣí i. Lẹ́yìn náà ló ní, "Níbo gan-an lo fẹ́ gbé e sí? Jẹ́ n rí i."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ fódà. Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa fódà Bàbá Rúlà. Bí apá kan iṣẹ́ bá ti parí, fódà tuntun ni wọ́n máa ń ṣí sínú ti tẹ́lẹ̀, ọpẹ́ ni wọ́n sì máa ń fi sọ ọ́ lórúkọ. "A dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó wọn ilẹ̀ yìí nínú oòrùn" ni ti àkọ́kọ́. Inú rẹ̀ ni "Ẹ ṣeun ẹ̀yin agbẹ̀bí tí ẹ sọ ibi tó yẹ kí ilẹ̀kùn wà" wà. Ti ọ̀gá wà nínú ìyẹn, ti alágbàṣe tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ. Gbogbo ọ́fíìsì ló ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé èèyàn á dúpẹ́ títí kó tó rí àwòrán.

Ìyá Wáyà ka ti ìkẹyìn sókè: "Bàbá mi ẹ ṣeun tí ẹ fi ọwọ́ ara yín ya ọ̀nà yìí, ojú yín á là." Ó yíjú sí i. "Ta ló ṣí èyí?"

"Èmi ni. Láàárọ̀ yìí."

"Ọ̀rẹ́ mi, àdúrà rẹ ló dí wa lọ́nà." Ó ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ẹ̀rọ tẹ́ ẹ fi ń yàwòrán yìí, ó níye lẹ́tà tó lè gbà nínú orúkọ. Kì í ṣe orúkọ fáìlì nìkan ló ń kà, ó ń ka ti gbogbo fódà tó gbà kọjá. Ọpẹ́ Bàbá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún un tẹ́lẹ̀. Tìrẹ ló kún un dé ẹnu. Gbé e síta, kúrò nínú gbogbo fódà yìí, kó o sì sọ ọ́ lórúkọ kúkúrú."

Ọmọbìnrin náà sún mọ́ ẹ̀rọ. Ó kọ "ọ̀nà" péré, ó tẹ bọ́tìnnì, ó di ojú. Nígbà tó la ojú, àpótí funfun kò sí níbẹ̀.

Wọ́n ṣí i wò lórí ẹ̀rọ ọ̀gá. Ọ̀nà Bàbá wà níbẹ̀ digbí, pẹ̀lú àwọn igun tí ìlà ti kọjá ara wọn díẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń yà á lórí pépà láyé àtijọ́. Ọmọbìnrin náà ló máa ń gé irú rẹ̀ kúrò. Lónìí, kò gé e. Ó dì mọ́ Ìyá Wáyà tòun ti wáyà ọrùn rẹ̀, ó dúpẹ́ títí ìyẹn fi ní ó tó. Ọ̀gá gba àwòrán, ó sáré jáde.

Àmọ́ ó ku fódà. Ìyá Wáyà ní nọ́ńbà ni kí wọ́n máa jẹ́ láti òní lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀la náà á rí bí òní. Ayàwòrán fúnra rẹ̀ ló pa orúkọ wọn dà níkọ̀ọ̀kan. Ó ka gbogbo wọn. Ọpẹ́ gbogbo èèyàn ló wà níbẹ̀, kò rí tirẹ̀. Ó dùn ún díẹ̀, ó sì bá ara rẹ̀ wí pé iṣẹ́ ni òun wá ṣe.

Nírọ̀lẹ́, ó lọ kí Bàbá nílé ìwòsàn. Wọ́n fi báńdéèjì bo ojú kan, èkejì là sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, títí kan orúkọ tó pa rẹ́.

"Bàbá, ẹ má bínú. Mo ti pa gbogbo ọpẹ́ yín rẹ́."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi ní kí wọ́n rọra. "Àṣé ọpẹ́ mi ló há nẹ́tíwọọ̀kì lọ́fun! Kò burú. Ọ̀nà yẹn ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀. Ọ̀gá ti gbé e lọ, wọ́n sì ti gbà á."

Bàbá fi ọwọ́ wá ọwọ́ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Mo mọ̀ pé o ò rí tìrẹ níbẹ̀. Mo fi í sílẹ̀ di ọjọ́ tí iṣẹ́ bá parí pátápátá, torí ìwọ lo máa parí ẹ̀. Ó ti parí báyìí, ẹ̀rọ ò sì gba orúkọ gígùn mọ́." Wọ́n fi ojú kan tó là náà wò ó dáadáa. "Ọmọ mi, o ṣeun. Ṣéyẹn ò gùn jù?"

Omi ti bo ojú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Kò gùn jù, Bàbá," ó ní.