Ẹni Tó Mú Wọ́ọ̀tì Dání

"Píìkì túù!" Pápá Ṣóyẹmí na káàdì náà mọ́ orí tábìlì, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lójú Olúṣẹ́gun. "Lọ sọ́jà, ọ̀gbẹ́ni tíṣà."

Olúṣẹ́gun mú káàdì méjì. Ọ̀sán ọjọ́ Sunday kan ni, lọ́dún 1986. NẸ́PÀ ti mú iná lọ, òógùn sì ń ṣàn lẹ́yìn ọrùn rẹ̀. Ó ti Ayépé wá sí Ìjẹ̀bú-Òde láti wá bèèrè ọjọ́ tí ẹbí rẹ̀ lè wá tọrọ Adébùsọ́lá. Dípò kí Pápá Ṣóyẹmí, bàbá ọmọbìnrin náà, ọ̀gá pósọ́fíìsì tó ti fẹ̀yìn tì, dá a lóhùn, páálí wọ́ọ̀tì ló gbé síwájú rẹ̀.

Wọ́ọ̀tì gan-an, káàdì tó ń bá gbogbo káàdì lọ, wà lọ́wọ́ Olúṣẹ́gun. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wá tọrọ ọmọ lọ́wọ́ bàbá, tí yóò tún na bàbá náà ní wọ́ọ̀tì? Wọn ò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ nílé. Ó le ojú koko.

"Láàsì káàdì!" bàbá wí.

Olúṣẹ́gun wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tí kò ní nǹkan kan níbẹ̀, ó tún lọ sọ́jà. Bàbá ju káàdì tó kù sílẹ̀.

"Ẹ kú orí ire, sà. Ẹ mọ̀ ọ́n ta gan-an ni."

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. "Ṣí ọwọ́ rẹ."

"Sà?"

"Mo ní kí o da káàdì rẹ sílẹ̀."

Wọ́ọ̀tì yọ láàárín wọn.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta lojú rẹ lọ síbẹ̀. Àtàǹpàkò rẹ ò sì kúrò lórí ẹ̀. Kí ló dé tí o ò jù ú sílẹ̀?"

"Ọ̀wọ̀ ni, sà. Mi ò lè nà yín."

"Ọ̀wọ̀ kẹ̀! Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi wo ojú èèyàn ní káńtà. O jókòó síwájú mi, ò ń tàn mí, o wá ń pè é ní ọ̀wọ̀. Kí lo tún fi pa mọ́?"

Irọ́ kan ti wà lẹ́nu Olúṣẹ́gun, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ sú u.

"Mo ní ọmọ kan ní Ìbẹ̀fun, sà. Obìnrin ni, ọmọ ọdún mẹ́rin. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ló wà. Ìyá rẹ̀ ti lọ́kọ mìíràn."

Àkókò yẹn gan-an ni Adébùsọ́lá gbé tíréè Fáńtà wọlé. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Bàbá yíjú sí i kíá. Ọmọbìnrin náà kò ta gìrì, kò pariwo, ife orí tíréè kò tilẹ̀ mira. Ó kàn wolẹ̀ ni.

"Bùsọ́lá, o mọ̀."

"Ẹ má bínú, Dádì. Ó ti lé lọ́dún kan. Èmi ni mo ní kó má tíì sọ fún yín."

"Ó lé lọ́dún kan," bàbá wí jẹ́ẹ́. "Àràárọ̀ la jọ ń jẹun." Ó dùn ún ju irọ́ Olúṣẹ́gun lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kó káàdì jọ, ọwọ́ rẹ̀ kò yá mọ́.

Olúṣẹ́gun ti dọ̀bálẹ̀.

"Dìde. Kí ẹbí rẹ má tíì wá o." Olúṣẹ́gun dìde. "Ọmọ yẹn ni kí o kọ́kọ́ mú wá kí mi, lọ́jọ́ Sátidé. Kí lorúkọ ẹ̀?"

"Rose ni, Dádì," Adébùsọ́lá dáhùn, kí Olúṣẹ́gun tó la ẹnu.