Ẹja Ọkọ Gánìyà

Apá Gánìyà ti wọ inú omi àpótí gíláàsì dé ìgúnpá kó tó rántí pé òun kò bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ òun. Kò bìkítà. Ó rọra tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sábẹ́ ikùn ẹja náà, ó sì gbé e sókè díẹ̀. Ikùn náà wú, ó le bí ọmú abiyamọ tí ọmọ kò mu.

Ọ́síkà ni wọ́n ń pe irú ẹja yìí. Ó dúdú, ó ní àmì pupa bí ẹyin iná lára, ó sì tóbi ju àwo ìjẹun lọ. Nájìm ọkọ rẹ̀ ló ni ín. Láti ìgbà tí Nájìm ti fẹ̀yìn tì nídìí títukọ̀ lójú odò ní Básírà nílẹ̀ Ìráàkì, ẹja yìí ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Ní báyìí, ó ti bá àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ ṣe àbẹ̀wò sí ìlú mímọ́ Kàrìbálà lọ, ó sì fi ẹja lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ bí ẹni fi ọmọ jòjòló sílẹ̀. Gánìyà ní tó bá yọ òun lẹ́nu, òun á là á láyà, òun á fi àjàgbọn pa á lára, òun á sì yan án létí iná. Nájìm kò rẹ́rìn-ín.

Ẹja kò jẹun mọ́ báyìí. Ó dorí kodò ní igun àpótí gíláàsì, ó ń mí gúlegúle. Gánìyà ránṣẹ́ pe Bàbá Sàjádì, aládùúgbò wọn tí òun náà ń sin ọ́síkà. Ọkùnrin náà wò ó, ó mi orí. Ó ní omi ló kún inú rẹ̀, àìsàn tí kì í gbóògùn. Kí wọ́n fi òróró kànáfùrù pa á kó má baà jẹ̀rora. Ó ní òun mọ ibi tí wọ́n ti lè ra ẹja mìíràn tó jọ ọ́ gan-an. Nájìm kò ní mọ̀.

"Èmi?" ni Gánìyà wí. "Ọmọ márùn-ún ni mo tọ́ nínú ilé yìí, lójú ogun, kò sí ọ̀kan tó kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ṣé ẹja ló wá fẹ́ bẹ̀rẹ̀?"

"Ìyá Ráfídì," ni ọkùnrin náà wí, ó fi orúkọ àkọ́bí rẹ̀ pè é, "ẹja kì í ṣe ọmọ."

"Ṣé kò ní ikùn ni?"

Gánìyà bi í pé báwo ni èèyàn ṣe ń dá àìsàn omi yẹn mọ̀. Bàbá Sàjádì ní ìpẹ́ ẹja á dìde gànùgànù bí ìyẹ́ adìẹ tí òtútù mú. Gánìyà gun àga, ó wo ẹja láti òkè. Ìpẹ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra, ó ń dán. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní kí ọkùnrin náà gun àga ọ̀hún wò ó. Ó gùn ún, ó wò ó títí. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó mu tíì rẹ̀ tán kó tó la ẹnu. Ó ní ó lè jẹ́ pé inú ló dí. Kí ni ẹja yìí ti ń jẹ?

Gánìyà wo ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn ọmọ ti lọ sílé tiwọn, ilé dákẹ́, ìgbàkígbà tó bá sì ń dáná ni ẹja máa ń wá síbi gíláàsì, á la ẹnu, á máa wò ó. Ẹran màlúù ló ń gé fún un.

Bàbá Sàjádì lọ mú iyọ̀ kíkorò wá, irú èyí tí ìyá Gánìyà fi ń ṣan inú fún wọn ní kékeré. Wọ́n pò ó mọ́ omi inú àpótí nínú ọpọ́n, wọ́n fi aṣọ tútù gbé ẹja sí i. Ẹja na ìrù, ó sì fọ irùngbọ̀n ọkùnrin náà fún un. Wọ́n dá a padà sínú àpótí. Ohunkóhun kò jáde. Gánìyà se ẹ̀wà tútù aláwọ̀ ewé, ó bó èèpo rẹ̀, ó na hóró kan sí i. Ẹja gbà á, ó tu ú dànù. Gánìyà na òmíràn. Bàbá Sàjádì lọ kírun, ó padà wá bá a lórí ìdúró.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí ohun kan tó nípọn bí okùn jáde lábẹ́ ẹja náà. Ó gùn, ó gùn, ó já, ó sì rì sísàlẹ̀. Bàbá Sàjádì rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Gánìyà tún ìbòrí rẹ̀ ṣe bí ìyá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pe orúkọ ọmọ rẹ̀ níwájú ọ̀pọ̀ èrò. Ẹja yí padà, ó gba hóró ẹ̀wà lórí ìka Gánìyà, ó sì gbé e mì.

"Mo gbà fún yín, Ìyá Ráfídì."

"Ó yẹ kí ẹ gbà."

Ilẹ̀ kò tíì ṣú tán tí Nájìm fi pè é lórí fóònù láti ojú ọ̀nà, ariwo èrò lẹ́yìn rẹ̀. Kó tó béèrè ọmọ, ó béèrè ẹja. Gánìyà ti ní i lọ́kàn láti ròyìn gbogbo rẹ̀: ikùn tó wú, iyọ̀ kíkorò, àgbàlagbà ọkùnrin lórí àga. Ó wo ibi gíláàsì. Ẹja náà ń wò ó.

"Ara wa ti yá," ni ó wí.

"Ara ta ni?" ni Nájìm bi í.

Ìgbà yẹn ni Gánìyà tó gbọ́ ohun tó ti ẹnu òun jáde. Kò yí i padà. Ó ní kó máa rìn jẹ́jẹ́, ilé wà dáadáa. Ó sì fi èjìká gbé fóònù mọ́ etí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó hóró ẹ̀wà mìíràn.