Ojú Tí Mo Fi Ń Wo Oòrùn

2.

…torí náà, àmì dúdú yẹn ń bẹ! Mo rí i. Èmi tí mo ti ń ya àwòrán ojú oòrùn láti ìgbà tí àwọn ọmọ mi ṣì ń rákòrò. Àmì ńlá ni, lókè lápá ọ̀tún, dúdú bíi kóró ìbẹ́pẹ. Ẹni tí kò bá rí i, kó lọ bọ́jú.


ÌKÌLỌ̀
(lára ilẹ̀kùn ilé pákó tó wà lẹ́yìnkùlé wa)

MÁ FOJÚ SÍ AWÒ AWỌ̀NÀJÍJÌN. OÒRÙN Á FỌ́ Ọ LÓJÚ.
BÉBÀ FUNFUN NI KÍ O WÒ. AWÒ Á GBÉ OÒRÙN SÓRÍ Ẹ̀.
MÁ SÁ AṢỌ SÓRÍ ÒRÙLÉ. Ó Ń ṢÍ.

Ìyàwó mi ni ìlà kẹta ń bá wí.


1.

(Ó yẹ kí èyí ṣáájú. Ẹ má bínú.)

Dókítà eléyín ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹnu ẹlẹ́nu ni mo ń yọjú sí látàárọ̀ dalẹ́. Bí wọ́n bá ti ní ká lọ sinmi lọ́sàn-án, mo ti bọ́ síta, mo ti dojú kọ oòrùn. Ní báyìí, àràárọ̀ ni: mo ṣí òrùlé, mo bo ojú òsì, mo fi ojú ọ̀tún yàwòrán, mo fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwa tí à ń wo oòrùn.


ÒFIN ẸGBẸ́, èyí tó ṣe kókó

Ojú tí o fi bẹ̀rẹ̀ ni kí o máa fi yà á. Bí ojú kan ṣe ń ríran kọ́ ni èkejì ń ríran. Ẹni tó bá pààrọ̀ ojú, ọmọ ẹgbẹ́ tuntun ni.


3.

AKỌ̀WÉ ẸGBẸ́: Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Àmì tí ẹ ń yà láti ìjẹta, àwa yòókù ò rí i o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ awò yín wò. Bó bá ń lọ báyìí, a ò ní lè lo àwòrán yín mọ́.

ÈMI: Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ yẹ ojú yín wò.

(Mi ò fi ránṣẹ́.)

(Irọ́ ni. Mo fi ránṣẹ́.)


4.

Bí a ṣe ń dán àmì wò:

Yí awò. Bí àmì bá bá a yí, ìdọ̀tí ni.
Fa bébà tí oòrùn wà lórí ẹ̀. Bí àmì bá bá a lọ, àbàwọ́n ni.
Bí kò bá ṣe méjèèjì, oòrùn ló ni ín.

Mo yí awò. Kò yí. Mo fa bébà. Kò lọ.

Ẹ ò rí nǹkan!


5.

Ilé ìdáná.

ÌYÀWÓ: Dókítà, tíì yín ti tutù.
ÈMI: Ìyáa wọn, wọ́n ní mi ò ríran mọ́.
ÌYÀWÓ: Ta ló wí bẹ́ẹ̀?
ÈMI: Akọ̀wé. Ọmọ àná!
ÌYÀWÓ: Ẹ gbójú sókè kẹ́ ẹ bá mi sọ ọ́. Ojú lọ̀rọ̀ wà.
(Mo gbójú sókè.)
ÌYÀWÓ: Kí ló dé?
ÈMI: Dúró bẹ́ẹ̀. Má mira.


6.

Àmì náà wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.


7.

Mo wo ògiri. Ó wà níbẹ̀. Mo wo àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó wà níbẹ̀. Mo di ojú ọ̀tún, ó pòórá. Ẹ̀rù bà mí, kí n má purọ́. Bí wọ́n bá yọ mí kúrò nínú ẹgbẹ́, kí ni n ó máa tìtorí ẹ̀ jí?

ÌYÀWÓ: A ó lọ rí dókítà ojú.
ÈMI: Bó bá ní ó ti bàjẹ́ ńkọ́?
ÌYÀWÓ: Ṣé ojú kan ṣoṣo l'Ọlọ́run fún yín ni?


8.

ÈMI: Akọ̀wé, má bínú sí ọ̀rọ̀ àná. Yọ ojú ọ̀tún mi kúrò. Kọ ọmọ ẹgbẹ́ tuntun méjì sílẹ̀:

ojú òsì mi
ìyàwó mi

AKỌ̀WÉ: Ẹ káàbọ̀ o! Kí oníkálukú ya tiẹ̀. Kò sí yíyọjú wo ti ẹnìkejì.


9.

Ọ̀sán ni dókítà ojú fẹ́ rí wa. Àárọ̀ ṣì jẹ́ tiwa.

Àpótí ìjókòó méjì, bébà ìyàwòrán méjì, awò kan. Ìyàwó mi ní mímí mi ń dí òun lọ́wọ́. Mo ní pẹ́ńsù tiẹ̀ ń ké bí eku. Nígbà tí a parí, a kó àwòrán sílẹ̀. Tèmi mọ́ bí àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Tiẹ̀ ní àmì kan, bíńtín, nísàlẹ̀ lápá òsì.

ÈMI: Ìdọ̀tí nìyẹn.
ÌYÀWÓ: Ẹ yí awò.

Mo yí i. Àmì kò yí.

ÌYÀWÓ: Ẹ fa bébà.


10.

Bébà lọ.

Àmì náà dúró.