Ẹ Má Tẹ Ẹ̀yìn Rahmon

“Ẹni tó bá fẹsẹ̀ tẹ ọkọ mi lẹ́yìn lónìí, èmi pẹ̀lú onítọ̀hún la máa nà án tán bí owó!”

Ruqoyah dúró gbagidi síwájú Rahmon ọkọ rẹ̀, tó dojú bolẹ̀ lórí ẹní. Ọ̀dọ̀ Bàbá Ọláìyá, a-to-egungun tí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ mú wá láti Owódé Onírin, ló kọjú sí.

“Ìyàwó, yà lọ́nà,” ni Alájí Junaid, ẹ̀gbọ́n ọkọ náà, wí. “Ọdún mẹ́rin lẹ ti ń gbé e lọ fọ ẹ̀jẹ̀ nítorí kíndìnrín. Ẹ̀yìn ń dùn ún láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, dókítà yín ò rí nǹkan kan sọ. Àpò ata tó gbé lọ́jà Mile 12 ló ń bá a jà. Eegun ló yẹ̀.”

“Ìgbà wo lẹ di dókítà, Alájí?”

“O ti ya aláfojúdi!”

Àfojúdi ni lóòótọ́, Ruqoyah ò sì kábàámọ̀. Àwọn tí kò bomi gbóná fún aláìsàn rí ló máa ń mọ oògùn jù. Ó bẹ̀rẹ̀ láti tún ìrọ̀rí ọkọ rẹ̀ ṣe, ni káàdì parasitamọ́ mẹ́ta bá já bọ́, gbogbo wọn ló ti ṣófo.

“Bàbá Kabirat, kí lẹ ń fi èyí ṣe?”

Rahmon ò gbójú sókè. “Wọ́n máa ń wọn ìgbóná ara lọ́sibítù ká tó dórí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Tó bá gbóná, wọ́n á ní ká lọ rí dókítà ná. Wọ́n ti dá mi padà rí. Mo máa ń lo méjì kí n tó kúrò nílé.”

“Láti ìgbà wo lara yín ti ń gbóná?”

“Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.”

Inú bí Ruqoyah. “Ẹ fọwọ́ ara yín ṣera yín!” Ó pe Nọ́ọ̀sì Súmbọ̀ tó ń tọ́jú ọkọ rẹ̀ níbi ẹ̀rọ, ó fi fóònù sí sípíkà, ó rojọ́ gbogbo rẹ̀.

“Háà! Ẹ̀yìn, pẹ̀lú ìgbóná?” Súmbọ̀ figbe ta. “Kòkòrò àìsàn lè gba ojú rọ́bà tí a fi sí wọn lọ́rùn láti máa fọ ẹ̀jẹ̀ yẹn wọlé, kó lọ ba sí eegun ẹ̀yìn, kó sì rọ èèyàn lẹ́sẹ̀. Kẹ́nikẹ́ni má tẹ̀ ẹ́ o! Ṣé wọ́n lè gbé ẹsẹ̀?”

“Kí ló fẹ́ ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀?” Alájí jágbe. “Rahmon, gbé e kí wọ́n gbọ́!”

Rahmon gbé tòsì. Ó gbìyànjú títí lórí tọ̀tún, ọmọ ìka nìkan ló mì.

“Láti àná ni,” ó wí. “Ẹ̀rù ló bà mí.”

Alájí lanu sílẹ̀.

“Ẹ panu dé, kẹ́ ẹ lọ wá mọ́tò tó máa gbé wa lọ sọ́sibítù,” Ruqoyah wí fún un, kò tiẹ̀ wojú rẹ̀.

Alájí Junaid, tí ìyàwó ilé kankan ò pàṣẹ fún rí, sáré jáde sí títì Alápẹ̀rẹ̀.