Ẹni Tí Màmá Ń Dúró Dè

Màmá wa kì í sọ pé ibì kan ń dun àwọn. Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni wọ́n lo ayé wọn sí, abẹ́rẹ́ sì ti gún wọn níka lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi wọ́n pé ṣé kò sí, "A dúpẹ́" lẹ ó gbọ́. Bí ilé ń jó, a dúpẹ́. Èmi tí wọ́n ń pè ní Aláròyé, nítorí pé ẹnu mi kì í sinmi, mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé lọ́jọ́ tí ikú bá kanlẹ̀kùn, wọ́n á fún un ní àga, wọ́n á ní a dúpẹ́.

Nígbà tí wọ́n yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, tí egungun ìbàdí wọn sì dá, a gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn, ó sì yọrí sí rere, dókítà fúnra rẹ̀ ló wí bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo wọ wọ́ọ̀dù bí ẹni tó fẹ́ lọ gba ẹ̀bùn. Màmá wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní kí n jọ̀ọ́, kí n mú aṣọ mi padà wá lọ́la. Àwọn ti fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù. Ọkọ àwọn ń bọ̀ wá gbé àwọn.

Bàbá wa ti kú tipẹ́tipẹ́. Bíríkìlà ni wọ́n nígbà ayé wọn. Bí iṣẹ́ bá ti parí lójoojúmọ́, wọ́n á gun kẹ̀kẹ́ wá síwájú ṣọ́ọ̀bù, tàwọn ti sìmẹ́ǹtì lápá, wọ́n á súfèé, Màmá á sì jáde wá jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Ẹni yẹn ni Màmá ń dúró dè. Èmi ọmọ tí wọ́n bí wá di oníbàárà. Ó dùn mí wọ eegun. Kí wọ́n ṣáà pè mí ní Aláròyé lẹ́ẹ̀kan sí i, kódà bó jẹ́ pé wọ́n fẹ́ bú mi ni.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, olùkọ́ ìṣirò tó gbà pé kò sóhun tó ta kókó lójú òun, ní òògùn ìrora ló da Màmá lórí rú. Ó ti bẹ àwọn nọ́ọ̀sì pé kí wọ́n má fún Màmá àfi tí Màmá bá fẹnu ara wọn béèrè. Nọ́ọ̀sì á wá, á bi wọ́n pé ṣé ibì kankan ń dùn wọ́n. Màmá á ní a dúpẹ́. Nọ́ọ̀sì á kọjá lọ. Ẹ̀gbọ́n mi yìí kan náà ló kó awò ojú Màmá àti ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì sétí, tó lọ tì í mọ́ inú àpótí nílé kí olè má baà jí i. Ó ṣeun gan-an. Ìyá wa ò ríran, wọn ò gbọ́ràn, wọ́n wà láàárín àjèjì, ṣùgbọ́n ẹrù wà ní ìpamọ́.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tàárọ̀ bá mi níbi tí mo ti ń nu ojú. Obìnrin gíga ni, kì í yára sọ̀rọ̀. Kò bi Màmá ní nǹkan kan. Ọwọ́ wọn ló ń wò. Màmá ń ká etí aṣọ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń fi èékánná tẹ̀ ẹ́, wọ́n tún ń ká a, bí ẹni tó fẹ́ rán an. Ó bi mí pé ṣé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Mo rántí. Lọ́jọ́ tí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ wọ ìka Màmá kan eegun, wọn ò ké. Etí ìró wọn ni wọ́n mú, tí wọ́n ń ká títí Bàbá fi dé. Lọ́jọ́ tí a sin Bàbá, etí ìborùn wọn ni.

"Nọ́ọ̀sì," mo ní, "bí ìyá mi ṣe ń sunkún nìyẹn."

Ó ní òun náà rò bẹ́ẹ̀. Ó ṣàlàyé pé lóòótọ́ ni àpọ̀jù òògùn lè da orí àgbàlagbà rú, ṣùgbọ́n ìrora tí ẹnikẹ́ni ò tọ́jú náà ń dà á rú. Ó lọ bá dókítà, wọ́n sì fẹnu kò pé díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n á máa fún wọn, lásìkò, láìdúró de ìbéèrè. Ó ní ká lọ mú awò ojú àti ẹ̀rọ etí wá kíá. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, kí ó lọ fi kún ìṣirò rẹ̀. Ó lọ kó o wá.

Àwọn nọ́ọ̀sì ṣí kọ́tìnì, wọ́n gbé Màmá jókòó sórí àga lójú ọ̀sán, wọ́n sì ń pa iná lálẹ́ kí wọ́n lè rí oorun sùn. Nọ́ọ̀sì kìlọ̀ fún mi pé kí n má bá wọn jiyàn lórí Bàbá, kí n kàn ní kí wọ́n sọ nípa Bàbá fún mi. Ìgbà náà ni Màmá sọ ohun tí mi ò gbọ́ rí, pé ọ̀nà tó jìn ni Bàbá máa ń gbé kẹ̀kẹ́ gbà, kí àwọn méjèèjì má baà tètè délé. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ojú wọn ń dán. Ó ń ṣe mí bíi pé kí n bá wọn dúró de súfèé náà.

Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gungi. Ọwọ́ wọn ń rọlẹ̀ lára aṣọ bẹ́ẹ̀dì, títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tí mo ń yí ìrọ̀rí wọn padà.

"Aláròyé," ni wọ́n wí, "ẹnu rẹ mà dákẹ́ lónìí."

Mo dì mọ́ wọn, mo sunkún ayọ̀ bí ọmọdé. Wọ́n ń fọwọ́ pa mí lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, wọ́n wo ọ̀nà ẹnu ilẹ̀kùn, wọ́n wò ó pẹ́.

"Bàbá yín ò wá, àbí?"

"Wọn ò wá, Màmá."

"Wọn ò lè wá mọ́."

Gbogbo àdúrà mi ni kí wọ́n padà sọ́dọ̀ wa, mi ò sì rò ó pé ẹnìkan ni wọ́n máa fi sílẹ̀ kí wọ́n tó lè padà.

Nọ́ọ̀sì àgbà wọlé, ó kí wọn, ó bi wọ́n pé ṣé ibì kankan ń dùn wọ́n. Mo ti ń dúró de a dúpẹ́. Màmá mú etí aṣọ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ká a.

"Ó ń dùn mí," ni wọ́n wí. "Ìbàdí nìkan kọ́."

Mo jókòó ti wọ́n, mo mú etí aṣọ náà lápá kejì, a jọ ń ká a.